Ẹ Dá Eyínfúnjowó Padà fún Wa

                                        Agboolé Eléédú,
                                        Ẹ̀yìn Ọjà,
                                        Ìlọra,
                                        Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́.
                                        Ọjọ́ Kẹrìnlá, Oṣù Kẹrin, 2025.

Olúwafúnkẹ́, ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n,

O kú ọjọ́ mẹ́ta, o kú àìrójú, o kú àárò ilé. Ṣé ara le? Bàbá àwọn ọmọ ńkọ́? Ṣé ẹsẹ̀ tí wọ́n ní ó ń dùn wọ́n ti fúyẹ́? Àwọn ọmọ ńkọ́, pàápàá àbígbẹ̀yìn tí kò lè pe orúkọ mi já lórí fóònù? Ooru Kúmásì ńkọ́, ṣé ó ti rọlẹ̀ díẹ̀? Ara tiwa náà le, a dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Mo yà kí màmá rẹ ní Fìdítì lọ́jọ́ Jímọ̀ tó kọjá. Wọ́n ń jẹun dáadáa, wọ́n ń bá gbogbo ará àdúgbò jà bí wọ́n ṣe máa ń ṣe, wọ́n sì di ọsàn sínú àpò fún mi títí tí mi ò fi lè gbé e mọ́. Wọ́n ní kí n sọ fún ọ pé àárò rẹ ń sọ àwọn.

Má bínú pé mi ò pè ọ́. Inú ń bí mi débi pé bí mo bá sọ ọ̀rọ̀ yìí lórí fóònù, àwọn oníbàárà mi á rò pé ìjà ni mo ń jà. Ìwé ló sì tẹ́ mi lọ́rùn lásìkò yìí. Bí mo bá kọ ọ́ tán, kò sí ẹni tó máa jí láàárọ̀ kó yí ojú rẹ̀ padà láìbi mí.

Ọ̀rọ̀ ojú òpó ìdílé yẹn ni. Ìwọ lo kúkú kó mi wọ inú rẹ̀. Ṣé o rántí Iléyá tí o wá sílé, tí o jókòó sí ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà mi ní Jobele, tí o ní dípò kí n máa bá ọmọ ọlọ́mọ fi orúkọ sílẹ̀ fún ìdánwò láti àárọ̀ dalẹ́, kí n kọ ìdílé ọkọ mi sórí ayélujára kí àwọn tó wà lẹ́yìn odi lè rí wa? Mo gbọ́ tìrẹ. Gbogbo ẹni tí mo rántí ni mo kọ síbẹ̀, òkú àti alààyè.

Ohun tí mo fẹ́ràn jù níbẹ̀ ni àpótí kékeré kan tó wà lábẹ́ orúkọ, tí wọ́n kọ "orúkọ mìíràn tí wọ́n ń pè é" sí. Àṣé ẹni tó ṣe àpótí yẹn mọ ilé wa! Ìwọ náà mọ̀ pé ìyàwó ilé kì í pe ẹni tó bá bá nílé lórúkọ, ìbáà jẹ́ ọmọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kó jáde láàárọ̀ ọjọ́ ìgbéyàwó rẹ̀. Orúkọ tí òun bá fún un ni yóò máa pè é títí: Agùntáṣọọ́lò, Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́, Adúmáadán. Ohun tí ìyá bá sì ń pè é ni àwọn ọmọ tó bí náà ń pè é. Bí orúkọ gidi ṣe ń wọlẹ̀ lọ nìyẹn tí ẹnikẹ́ni kò fura.

Ọ̀kan nínú wọn ni Eyínfúnjowó, àbúrò bàbá ọkọ mi. Ọ̀dọ́mọkùnrin ni nígbà tó lọ sí Gánà. Lọ́dún tí ìjọba ibẹ̀ lé àwọn àjèjì, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ẹrù karí wọ́n padà wálé, òun kò bá wọn dé. Yàrá rẹ̀ ṣì wà, èyí tó kángun sí ojú títì. Kí bàbá ọkọ mi tó jáde láyé, wọ́n sọ fún Ìyá Àgbà, ìyá ọkọ mi, pé àfi àbúrò àwọn tàbí ọmọ rẹ̀ ni kí wọ́n ṣí i fún. Láti ìgbà náà ni Ìyá Àgbà ti ń gbá a lọ́jọ́ Jímọ̀, àgbàlagbà tó ti lé lọ́gọ́rin ọdún. Ṣùgbọ́n níbi ìpàdé ẹbí tó kọjá, àwọn ọmọ ilé ní ó ti tó gẹ́ẹ́, àwọn fẹ́ fi yàrá náà ṣe ṣọ́ọ̀bù. Wọ́n ní bí Iléyá ọdún yìí bá dé tí a kò rí ẹnikẹ́ni, àwọn á la ògiri náà. Mi ò bá wọn wí. Ojú títì ni, àwọn náà ń wá oúnjẹ.

Wá wo bí Ọlọ́run ṣe ń ṣe nǹkan rẹ̀. Ní oṣù Kejì, àtẹ̀jíṣẹ́ kan wọlé sábẹ́ orúkọ Eyínfúnjowó lórí ojú òpó náà. Tahirah ni ọmọbìnrin tó kọ ọ́ ń jẹ́, Kúmásì ló sì wà. Ó ní bàbá àgbà òun ti kú, ṣùgbọ́n ó sọ fún àwọn ọmọ rẹ̀ pé bí wọ́n bá dé Ìlọra, kí wọ́n sáà sọ pé ọmọ Eyínfúnjowó làwọn, gbogbo ilé á mọ̀ wọ́n. Ó ní ṣé àwa ni ilé yẹn?

Mo sáré gbé fóònù lọ bá Ìyá Àgbà. Wọ́n sunkún, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n tún sunkún. Wọ́n wá ní kí n má tíì yọ̀, kí n kọ́kọ́ bi ọmọ náà bóyá bàbá àgbà rẹ̀ ní àpá ní ìgúnpá ọ̀tún. Orí igi káṣú ló ti já bọ́, àwọn ni wọ́n sì fi omi gbígbóná jó o, nígbà tí wọ́n ṣì wà ní ìyàwó tuntun. Iná ti lọ lọ́jọ́ náà, dátà sì ti tán lórí fóònù mi. Mo ní n óò fi ránṣẹ́ láti ṣọ́ọ̀bù bí ilẹ̀ bá mọ́.

Ilẹ̀ mọ́. Mo ṣí kọ̀ǹpútà, mi ò mọ ibi tí mo wọ̀ mọ́! Gbogbo rẹ̀ funfun báláú, lẹ́tà rẹ̀ kéré bí ẹyin èèrà. Wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà sókè pé, "Ẹ káàbọ̀! A ti bá yín tún ilé yín ṣe." Ta ló bẹ̀ wọ́n níṣẹ́? Àpótí orúkọ mìíràn ti pòórá. Wọ́n ní láti ìsinsìnyí lọ, orúkọ àbísọ àti orúkọ ìdílé nìkan ni ìwé ilé àwọn ń gbà, pé ẹni tí kò bá ní méjèèjì, àwọn ti gbé e pamọ́ títí tí a óò fi parí rẹ̀. Eyínfúnjowó wà nínú àwọn tí wọ́n gbé pamọ́. Àtẹ̀jíṣẹ́ Tahirah bá a lọ. Ibi tí Tahirah fúnra rẹ̀ kọ ìdílé tirẹ̀ sí, mi ò rí i mọ́, torí orúkọ tí òun náà fi sí orí ìdílé rẹ̀ kò ju Eyínfúnjowó kan náà lọ. Ẹni tí a ní kó kín wa lẹ́yìn ló fi ẹ̀gún sọ́wọ́ yìí.

Má rò pé èmi nìkan ni mo ń pariwo. Kí n tó jẹun àárọ̀, Ifátúndé tó ń ta àgbo ní Imini ti sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀kadà níwájú ṣọ́ọ̀bù mi. Ó ní, "Ìyá Sofiyullah, wọ́n ti jí oríkì bàbá mi!" Inú àpótí yẹn ni èmi náà bá a tẹ oríkì wọn sí, ilà gígùn gbọọrọ. Abala tí wọ́n ní kí á ti sọ èrò wa lórí ojú òpó náà wá di ọjà. Obìnrin kan láti Ìwó ní gbogbo àwòrán ni wọ́n ti gé di roboto, pé wọ́n gé gèlè kúrò lórí ìyá òun, ìyá tí kò ya fọ́tò ju ẹyọ kan ṣoṣo lọ kó tó kú. Ọkùnrin kan ní Kánádà ní òun ń wá bàbá òun láàárín àwọn orí tí kò lójú tí kò nímú, tí wọ́n fi rọ́pò àwòrán. Ohùn kan náà ni wọ́n fi ń dá gbogbo wọn lóhùn: "A dúpẹ́ fún èrò yín. Yóò mọ́ yín lára láìpẹ́." Wọ́n á wá ya ọkàn pupa kékeré kan sí i. Obìnrin onígèlè yẹn náà gba ọkàn pupa.

Àwọn kan ṣáà ń yìn wọ́n. Moyọ̀sọ́rẹ tó ń tún fóònù ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ní ojú rẹ̀ mọ́, pé ó yára, pé ẹ̀yin màmá ẹ ò fẹ́ àyípadà. Mo ní òótọ́ ni o, ọmọ mi, ó yára. Ó yára sọ fún mi pé èèyàn mi kò sí.

Èmi náà kọ̀wé sí wọn. Mo ṣàlàyé títí, mo bẹ̀ wọ́n. Wọ́n ní kí n kọ orúkọ gidi ẹni náà, n óò sì rí i. Orúkọ gidi! Èyí tí gbogbo ilé fi ń pè é, tí òun fúnra rẹ̀ fi lé ọmọ lọ́wọ́, ayédèrú ni? Àwọn àgbà ní ilé là ń wò kí á tó sọmọ lórúkọ. Ilé ta ni àwọn yìí wò kí wọ́n tó pa orúkọ rẹ́?

Ibi tí ọ̀rọ̀ wá le sí nìyí, Olúwafúnkẹ́. Kò sí ẹni tó mọ orúkọ náà. Bàbá Sofiyullah, tó jẹ́ ọmọ ilé tí ẹnu rẹ̀ gbà á láti pè é, kò mọ̀ ọ́n. "Àbúrò mi" ni bàbá wọn máa ń wí. Gbogbo àwọn ẹgbẹ́ Eyínfúnjowó ló ti kú. Ìyá Àgbà nìkan ló kù tó mọ̀ ọ́n, ìyàwó ilé sì ni wọ́n. Nígbà tí ọkọ mi bi wọ́n, wọ́n wò ó bí ẹni tó bú wọn. Wọ́n ní, "Mo bá a nílé. Ẹnu wo ni kí n fi pè é?" Wọ́n gbìyànjú láti fi ọgbọ́n júwe rẹ̀ o. Wọ́n ní ó bá orúkọ ọkùnrin kan tó ń pa ẹran lọ́jà Ìlọra láyé ọjọ́un mu. A wádìí ọkùnrin náà. Ó ti kú kí wọ́n tó bí wa, Bàbá Ẹlẹ́ran sì ni gbogbo ayé ń pe òun náà. Ẹ̀rín pa mí lọ́jọ́ náà, kí n má parọ́.

Ṣùgbọ́n Iléyá ń bọ̀. Lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá lọ lọ́hùn-ún, Ìyá Àgbà ní kí n mú fóònù mi tẹ̀ lé àwọn wọ yàrá náà. Wọ́n di gèlè wọn dáadáa bí ẹni tó ń lọ kí àna. Wọ́n kúnlẹ̀ síwájú ibùsùn yẹn, Olúwafúnkẹ́, pẹ̀lú orúnkún tó ń dùn wọ́n. Wọ́n ní, "Ọkọ mi, má bínú sí mi. Kì í ṣe àfojúdi. Wọ́n ní bí n kò bá pè ọ́, àwọn ọmọ rẹ ò ní rílé wá." Wọ́n wá pe orúkọ náà, jẹ́jẹ́. Orúkọ tí kò tíì gba ẹnu wọn jáde rí láti ìgbà tí wọ́n ti wọ ilé Eléédú.

Èmi tẹ̀ ẹ́ síbi tí wọ́n ti ń wá orúkọ, torí wọn kò fi ibi tí a ti lè parí èyí tí wọ́n gbé pamọ́ hàn wá. Mo sọ fún ara mi pé ẹnu ló jẹ́ èèwọ̀, wọn kò dárúkọ ìka. Mo rò pé bóyá Tahirah náà ti rí ẹni sọ orúkọ yẹn fún un, tó sì ti fi parí tirẹ̀. Fóònù ronú díẹ̀. Ó wá kọ ọ́ pé, "A kò rí ẹnikẹ́ni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ yẹ bí ẹ ṣe kọ ọ́ wò."

Ìyá Àgbà ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀. Wọ́n ní, "Ṣé ó ti dáhùn?" Mi ò lè parọ́ fún wọn nínú yàrá yẹn. Mo ní kò sí níbẹ̀, Ìyá. Wọ́n wá ní, "Ta ni mo wá pè?"

Láti ọjọ́ náà, wọn kò wọ yàrá náà mọ́. Jímọ̀ ti kọjá lẹ́ẹ̀mejì, ìgbálẹ̀ kò kan ibẹ̀. Wọ́n ní ojú ń ti àwọn. Àwọn èèyàn kan jókòó síbi kan tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ sí wọn, wọ́n yí àwọ̀ padà, wọ́n yọ àpótí kan, wọ́n sì sọ àgbàlagbà di ẹni tó rí ọkọ rẹ̀ fín lásán! Mo sọ èyí náà fún wọn. Wọ́n fún mi ní ọkàn pupa tèmi.

Ìdí tí mo fi kọ̀wé sí ọ nìyí. Ikrimah, awakọ̀ tó ń kó ẹrù lọ sí Gánà, ló máa fi ìwé yìí lé ọ lọ́wọ́. Jọ̀wọ́, fi ọlá Ọlọ́run bá mi lọ sí mọ́ṣáláṣí àwọn Yorùbá níbẹ̀ lọ́jọ́ Jímọ̀. Má gbé fóònù kankan dání. Dúró sẹ́nu ọ̀nà kí o béèrè ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Tahirah, tí bàbá àgbà rẹ̀ jẹ́ ará Ìlọra, tí eyín bàbá àgbà náà fún ju owó ẹyọ lọ. Àwọn arúgbó ibẹ̀ á mọ̀ ọ́n. Bi í nípa àpá ìgúnpá yẹn. Bí ó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, sọ fún un pé kó wá kí Iléyá tó dé.

Orúkọ kejì, mi ò ní kọ ọ́ síbí. Ìyàwó ilé ni mí, ìka mi sì ti ṣẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ṣùgbọ́n sọ fún Tahirah pé ẹnì kan kúnlẹ̀ nínú yàrá bàbá àgbà rẹ̀, ó pè é lórúkọ, kò sì rí ẹni dá a lóhùn. Kó wá jẹ́ ìpè náà.

Bá mi kí bàbá àwọn ọmọ àti gbogbo ilé. Bàbá Sofiyullah ní kí n kí ọ, Ifátúndé náà ní kí n kí ọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò mọ̀ ọ́ rí.

Èmi ni, ọ̀rẹ́ rẹ tí ojú rẹ̀ kò yí padà,

Màrdíyyàh.