Ẹni Tó Wá Béèrè Àǹtí Fàtímọ̀

Ọjọ́ Ajé, 3 Fẹ́búárì 2025
Wọ́n pe Àǹtí Fàtímọ̀ sí íńtáfíù! Ilé-iṣẹ́ kajú tuntun tó wà lójú ọ̀nà Òkèhò ń wá ẹni tí yóò máa tọ́jú ilé ìkẹ́rùsí wọn. Mo pariwo débi pé ewúrẹ́ Ìyá Débọ́lá, aládùúgbò wa, já okùn.

Bàbá ò pariwo ní tiwọn. Wọ́n ní, "Bí èyí ò bá yọrí, a ó dá ilé Alhaji Kàdírì lóhùn." Ìyẹn ni pé kí wọ́n fi ẹ̀gbọ́n mi fún Ràsáàkì, ọmọ Alhaji. Ọrùn-Ògòngò ni mò ń pè é. Ọrùn yẹn gùn: bó bá dúró ní Ìsẹ́yìn, á rí Ṣakí.

Ó gbọ́dọ̀ yọrí. Dandan.

Ìṣẹ́gun, 4
Mo dé fìlà Bàbá, mo jókòó lórí àpótí. Èmi ni ọ̀gá tó ń ṣe íńtáfíù. Ẹ̀kọ-Tútù (ẹ̀gbọ́n mi náà ni, torí pé kì í gbóná) wọlé, ó kúnlẹ̀ gbàgà, ó ń wo ilẹ̀.

Mo ní kó sọ nípa ara rẹ̀. Ó ní òun ń gbìyànjú díẹ̀díẹ̀. Díẹ̀díẹ̀! Ẹni tó gba A nínú Ìṣirò! Mo ní kó wo ojú mi. Ó wò ó, ó bú sẹ́rìn-ín. A tún un ṣe nígbà ẹgbẹ̀rún.

Ọjọ́bọ̀, 6
Ó lọ. Ó dé. Ẹkún.

Ó ní gbogbo ẹ̀ ń lọ geere, àfi ìgbà tí obìnrin kan béèrè pé: bí ẹ̀gbọ́n ọ̀gá bá wá gbé àpò kajú kan láìní ìwé àṣẹ ńkọ́? Ẹ̀kọ-Tútù ní, "Màá kí wọn, mà." Lẹ́yìn náà ńkọ́? Ó tún wo ilẹ̀. Ilẹ̀!! Ó ní òun ò mọ bí wọ́n ṣe ń sọ pé rárá fún àgbàlagbà. Wọ́n ní kó lọ máa retí àwọn.

Ẹtì, 7
Kò sí ìpè. Mi ò lè jẹun. (Irọ́ ni. Àwo méjì.)

Àbámẹ́ta, 8
Yéè! Àǹtí wà lóko nígbà tí ọkùnrin kan tó dé fìlà aṣọ òkè gun ọ̀kadà wá sí àdúgbò wa, tó ń béèrè rẹ̀ láti ojúlé dé ojúlé. Ṣé kì í jalè? Ṣé ó ní sùúrù? Irú èèyàn wo ni wọ́n nílé? Ta ni ò mọ èyí? Báyìí ni wọ́n ṣe ń wádìí ìyàwó kí wọ́n tó wá tọrọ rẹ̀. Alhaji ló rán an!

Ìyá Débọ́lá ní, "Ọmọ jẹ́jẹ́ ni. Kì í sọ pé rárá fún àgbà láéláé." Àwọn ahunṣọ gbè é: jẹ́jẹ́, jẹ́jẹ́, jẹ́jẹ́. Wọ́n ti ń fi ẹ̀gbọ́n mi tọrẹ!

Ó kàn mí. Mo ní, "Ẹ sá o, sà! Bàbá wa àgbà mú iṣu kan ṣoṣo nínú abà láìsọ, Àǹtí gbà á lọ́wọ́ wọn, gbogbo Ìsẹ́yìn gbọ́! Ó máa ń ka àgbàdo lẹ́yọ lẹ́yọ. Ìyá tó bí i ò lè bu kóńgò kan kó má bi wọ́n. Ilé tó bá wọ̀, wọn ò ní sinmi!"

Ọkùnrin náà la ẹnu sílẹ̀. Ó ní ṣé lóòótọ́ ni ti iṣu yẹn? Mo búra.

Òótọ́ pọ́ńbélé: ó gba iṣu náà, ṣùgbọ́n ó kúnlẹ̀ ló fi gbà á, ó sì bẹ̀ wọ́n títí. Ìyẹn ò kan ìránṣẹ́ Alhaji.

Àìkú, 9
Mo pàdé Ọrùn-Ògòngò níbi ẹ̀rọ omi. Mo ní kó bá mi kí ìránṣẹ́ bàbá ẹ̀. Ó ní ìránṣẹ́ wo? Àwọn ò rán ẹnikẹ́ni.

Ta wá ni?

Ọjọ́ Ajé, 10
Ilé-iṣẹ́ kajú pè. Wọ́n ní ẹni tó bá àwọn ṣèwádìí ti dé, kí Àǹtí padà wá lọ́la. Mo rọra bi í: ṣé ẹnìkan wà níbẹ̀ lọ́jọ́sí tó dé fìlà aṣọ òkè?

Ó wà.

Mo ti kú. Èmi kọ́ ló ń kọ èyí, òkú mi ni.

Ìṣẹ́gun, 11
Òkú jí! WỌ́N GBÀ Á!

Onífìlà ní gbogbo àdúgbò ló sọ pé kò lè sọ pé rárá fún àgbà, àwọn sì ti fẹ́ yọ orúkọ rẹ̀ dànù. Àfi ọmọbìnrin pẹ́ńpẹ́ kan, ẹlẹ́nu bí agogo, tó sọ ti iṣu. Ṣé lóòótọ́ ni?

Àǹtí ní òun wo ojú rẹ̀ tààrà, bí a ṣe ṣe é nílé. Ó ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Ṣùgbọ́n mo kúnlẹ̀."

Ó ní wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Wọ́n ní kó máa kúnlẹ̀ o, kó ṣáà ti máa gbà á.

Bàbá ti ránṣẹ́ sí Alhaji pé kí wọ́n má bínú. Àǹtí gbá mi mọ́ra, ó ní àṣé mo mọ ẹni tí ọkùnrin náà jẹ́, mo mọ̀ọ́mọ̀ sọ ọ́ ni?

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Ẹtì, 21
Ọkùnrin mìíràn ti gun ọ̀kadà dé. Àǹtí Fàtímọ̀ ló ń béèrè. Ìyá Débọ́lá ń wo ẹnu mi. Mo yára bi í:

"Ẹ jọ̀ọ́ sà — iṣẹ́ ni, àbí ìyàwó?"