Òrùlé Tí Ẹnì Kan Kò Lè Dá Ṣí

Ọjọ́ Ajé, 4 Oṣù Kẹta
Mo ti rí ọkọ̀ náà. Ọkọ̀ àtijọ́, aṣọ ni òrùlé rẹ̀, ó ṣeé ká sẹ́yìn kí atẹ́gùn máa fẹ́ síni lórí. Màmá Ọlọ́kọ̀ tó fẹ́ tà á ní olóògbé ọkọ àwọn ló ń wà á. Láti ọjọ́ tí lífìtì ibi iṣẹ́, àpótí tó ń gbéni lọ sókè ilé, ti há ìyàwó mi, Adúmáadán, mọ́nú, kò wọ ọkọ̀ tó ní òrùlé mọ́. Ọmọ wa ti bímọ ní ìlú kejì — ìyá àgbà kò tíì fojú kan ọmọ ọmọ rẹ̀! Ẹkún ló ń sun lórí fóònù.

Ìṣẹ́gun, 5
Mo mú mẹkáníìkì lọ. Ó-Ti-Bàjẹ́ ni mo ń pè é — nínú ikùn mi. Ilẹ̀kùn ń ṣí sẹ́yìn: ó ti bàjẹ́. Ihò kọ́kọ́rọ́ wà lápá òsì awakọ̀: ó ti bàjẹ́. A wá ibi tí wọ́n ń rọ epo sí títí ó fi sú wa — ẹ̀yìn nọ́ńbà ọkọ̀ ló wà! Màmá kàn ń rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní bí wọ́n ṣe ṣe é látilẹ̀ nìyẹn. Ta ni kí n gbà gbọ́? Orí mi dàrú.

Ọjọ́bọ̀, 7
Bọ́tìnnì kan wà nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ búréèkì. Ó-Ti-Bàjẹ́ fẹ́ fà á tu. Màmá kígbe. Ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń tẹ iná ọkọ̀ wálẹ̀! Ṣé ọkọ̀ nìyí àbí ẹ̀rọ ìránṣọ?

Ẹtì, 8
Mi ò rà á mọ́.

Àbámẹ́ta, 9
Ẹsẹ̀ mi ló tún gbé mi lọ, èmi kọ́. Mo ní kí n ṣí òrùlé — ohun tí mo tìtorí ẹ̀ wá gan-an. Ó kọ̀. Mo fà á, mo tì í, mo bẹ̀ ẹ́, mo bú u. Inú bí mi, mo ní ṣe ni Màmá fẹ́ lù mí ní jìbìtì. Wọn ò bínú. Wọ́n ní ìdè méjì ló ní, ọ̀kan lápá awakọ̀, ọ̀kan lápá ẹni tó jókòó tì í, ẹ̀ẹ̀kan náà ni wọ́n sì ń tú wọn. Látìgbà tí bàbá ti lọ, àwọn ò rẹ́ni bá àwọn ṣí i. Ojú tì mí.

Àìkú, 10
Wàhálà dé. Ẹni tó máa jókòó tì mí, Adúmáadán ni. Mo lè bá Màmá ṣí i kí n tó lọ gbé e — bí òjò bá dé lójú ọ̀nà ńkọ́? A ó pa á dé, àwa méjì náà la ó sì tún un ṣí. Kó tó jáde nínú àpótí, àfi kó jókòó sínú àpótí. Irú ọkọ̀ wo nìyí, ẹ gbà mí!

Ọjọ́rú, 13
Mo sọ fún un. Ó fọ àwo kan náà lẹ́ẹ̀mejì.

Àbámẹ́ta, 16
Òun ló ní ká lọ. Ó dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn tó ń ṣí sẹ́yìn yẹn, ó pẹ́. Ó wọlé. Ó ní kí n tilẹ̀kùn. Ó gbé ọwọ́ lé ìdè tiẹ̀, èmi náà gbé ọwọ́ lé tèmi. Mo ní kó ka ení dé ẹ̀ta, ká jọ tú u. Ó ka ení. Ó ka èjì. Kò ka ẹ̀ta.

Ẹ̀rù bà mí. Mo wò ó — ó ti dijú, ó ń mí wọ́ọ́rọ́wọ́. Ó ní kí n má tíì ṣí i, kí òun mọ ibi tí òun lè fara dà á dé. A jókòó bẹ́ẹ̀. Màmá dúró dè wá níta.

Nígbà tó yá, ó ní kí n sanwó fún Màmá, ká lọ wo ọmọ. Òrùlé ńkọ́? Ó ní kí n fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ọwọ́ mi ń wá kọ́kọ́rọ́ lápá ọ̀tún. Òun ló tọ́ka sí òsì fún mi.