Ibà Tí Kaosarah Fi Pamọ́

Ojúlé 14, Òpópónà Alárápé,
Challenge,
Ìbàdàn.
Ọjọ́ kejìlá, oṣù kẹfà, ọdún 2025.

Ràfátù mi àtàtà,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Bàbá àwọn ọmọ ńkọ́? Àwọn ìbejì ńkọ́, ṣé wọ́n ti ń jẹ́ kí o sùn? Orúnkún Màmá ńkọ́? Mo mọ̀ pé inú ń bí ẹ pé mi ò gbé ìpè rẹ. Jọ̀ọ́, má bínú. Ó rẹ̀ mí ni, ó rẹ̀ mí débi pé ọ̀rọ̀ sísọ gan-an ti sú mi.

Ọ̀rọ̀ Kaosarah ọmọ mi ni. O mọ̀ pé láti ọmọ ọdún mẹ́ta ni ibà ti ń ṣe é lóṣooṣù. Ara rẹ̀ á gbóná janjan, ọ̀fun rẹ̀ á wú, egbò á yọ sí i lẹ́nu. Tó bá di ọjọ́ karùn-ún, á tún máa fò kiri. Oògùn ibà tí ọmọ ọdún mẹ́fà yẹn ti lò kò lóǹkà. Ìyá ọkọ mi ní bélúbélú ni, pé ṣúgà àti ẹ̀pà ló ń fà á. Èmi náà gbà, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣáà sọ fún wa ní kékeré. Mo ti ṣúgà mọ́nú kọ́bọ́ọ̀dù. Tí ibà bá dé, tí mo sì gbọ́ pé ó lá ṣúgà, mo máa ń nà án. Ràfátù, ọmọ tí ara rẹ̀ ń gbóná ni mo ń nà.

Lóṣù tó kọjá, èmi àti Abdulrauf ọkọ mi gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ọmọdé kan ní Onírèké, Dókítà Bámidélé, obìnrin tó ní sùúrù gan-an. Ó ní àwọn ọmọ ogun ara wà nínú ẹran méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà ọ̀fun, wọ́n ń ṣọ́ ohun tó ń gba ẹnu wọlé. Lára àwọn ọmọ kan, wọ́n á ṣàdédé dìde láìrí ọ̀tá, wọ́n á kóra jọ sí ọ̀fun, ara á gbóná, ọ̀fun á wú. Tó bá ṣe díẹ̀, wọ́n á tún rọlẹ̀. Ó ní àwọn onímọ̀ ti fi ẹ̀rọ tó ń sọ ohun kékeré di ńlá wo irú ẹran ọ̀fun bẹ́ẹ̀, wọ́n sì rí wọn níbẹ̀, àmọ́ wọn ò tíì mọ ohun tó ń jí wọn. Mo béèrè ọ̀rọ̀ ṣúgà. Ó ní eyín ni ṣúgà ń bà jẹ́.

Mo gbé kàlẹ́ńdà ṣọ́ọ̀bù mi fún un, torí ibẹ̀ ni mo ń kọ ọjọ́ ibà sí. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin-mẹ́rin ló ń wá, àfi oṣù kẹta àti oṣù kẹrin tó ṣófo. Dókítà ní tó bá ti ń lọ fúnra rẹ̀, a ò ní gé ẹran náà. Inú mi dùn. Ni Kaosarah bá sọ̀rọ̀ lórí ẹsẹ̀ bàbá rẹ̀: “Ó wá o. Mi ò sọ fún Mọ́mì ni, kí wọ́n má baà nà mí.”

Ẹ̀yìn páálí bàtà ló ń sùn sí ní ṣọ́ọ̀bù mi ní Dùgbẹ̀ láwọn oṣù yẹn, tó ń sọ pé ilé ìwé ló mú kó rẹ òun. Mo rò pé ọmọ mi ti gbọ́n ni, pé kò dà mí láàmú mọ́. Abdulrauf ò wojú mi títí a fi délé.

Dókítà ní oògùn kan wà tó jẹ́ pé ọjọ́ tí ibà bá kọ́kọ́ dé ni wọ́n ń lò ó, torí náà ọmọ gbọ́dọ̀ tètè sọ. Àmọ́ tí mo bá ti na ọwọ́ sí iwájú orí Kaosarah, á sún sẹ́yìn, á ní “Ara mi le.” Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níwájú rẹ̀, mo bẹ̀ ẹ́. Ìyá ọkọ mi ní ìyá wo ló ń bẹ ọmọ, pé mo fẹ́ ba ọmọ jẹ́. Kaosarah kàn wò mí, ó ní, “Ṣé ẹ ò ní nà mí lóòótọ́?” Mo ní mi ò ní nà án.

Bá mi kí bàbá àwọn ọmọ, kí o sì bá mi fẹnu ko àwọn ìbejì lẹ́nu.

Ibi tí mo kọ lẹ́tà yìí dé ní ṣọ́ọ̀bù láàárọ̀ yìí nìyẹn tí Kaosarah fi dé ẹ̀gbẹ́ mi. Ó gbé ọwọ́ mi, ó fi lé ọrùn ara rẹ̀. Ó gbóná. “Mọ́mì, ó ti dé.” Ràfátù, ọmọ mi ń ṣàìsàn, èmi sì ń sunkún ayọ̀ níwájú oníbàárà.

Ọ̀rẹ́ rẹ tí kò gbàgbé rẹ,
Shakirah.