Iyán Tí A Jẹ Nílé Ìyá Akin

Màámi, ẹ kú ilé o, ẹ sì kú ọyẹ́ yìí. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja láti Àkúrẹ́ níbí. Mo kí Bàbá, mo kí Ìyá Àgbà, mo kí ẹ̀gbọ́n mi Àdùkẹ́, ẹni tó máa ka lẹ́tà yìí fún yín. Ẹ má bínú pé inú ìwé ìròyìn ṣọ́ọ̀ṣì ló ti jáde lọ́tẹ̀ yìí. Iléeṣẹ́ ìtẹ̀wé wa ló máa ń tẹ ìwé náà lóṣooṣù. Ojú ewé kan ṣófo, ọ̀gá wa sì ní kí ẹni tó bá ní ọ̀rọ̀ kọ ọ́. Èmi ní ọ̀rọ̀.

Iṣẹ́ ń lọ. Láti ìgbà tí wọ́n ti yọ Èkìtì kúrò lára ìpínlẹ̀ Oǹdó ni àwọn iléeṣẹ́ ìjọba ti ń tún ìwé wọn tẹ̀, kò sì tíì tán. Ọyẹ́ ń ká bébà mọ́ wa lọ́wọ́. Mo ṣì ń dá gbé lẹ́yìn Ọjà Ọba, mo sì ń dáná fúnra mi, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ ò ní pè é lóúnjẹ tí ẹ bá rí i.

Akin tí mo máa ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ fún yín ti kú. Èmi ni mò ń tẹ̀wé, òun ló ń gé e, ọdún mẹ́ta la fi dúró ti ara wa. Ọmọ Oǹdó ni, aláwàdà. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun kan, ó jẹ búrẹ́dì àti ẹ̀wà láàárọ̀, ó nu ọwọ́, ó gé ìwé díẹ̀, ó ní òòyì ń kọ́ òun, ó sì jókòó sílẹ̀. Kò dìde mọ́. Dókítà ní ọkàn rẹ̀ ló dáṣẹ́ sílẹ̀.

Ẹ mọ bí a ṣe ń túfọ̀. A kì í sọ fún ìyá. Ọkùnrin kan nínú ẹbí la máa ń wá, a ó ní ara ọmọ wọn ò yá, kó bá wa kálọ, tó bá dé ibẹ̀ la ó tó sọ fún un. Ọ̀gá wa rán èmi àti Bàbá Ṣadé, ẹni tó dàgbà jù láàárín wa, sí Oǹdó láti lọ mú àbúrò bàbá Akin wá. Ọkùnrin náà ti lọ sóko. Ìyá Akin nìkan la bá nílé.

Ó yẹ ká ní a kàn yà kí wọn ni, ká lọ dúró de ọkùnrin náà lójú títì. A ò rò ó. Bàbá Ṣadé ní ara Akin ò yá díẹ̀. Obìnrin náà ò kígbe. Ó ní òun máa bá wa lọ, ṣùgbọ́n pé tí ara Akin ò bá yá, kì í jẹ oúnjẹ ẹlòmíì, kí a ní sùúrù kí òun gúnyán. Màámi, a jókòó sí pálọ̀, à ń gbọ́ ìró odó. Bàbá Ṣadé ń wo ilẹ̀. Èmi ń wo fọ́tò Akin lára ògiri, nínú aṣọ ilé-ìwé, pẹ̀lú etí ńlá. Nígbà tó gún un tán, ó bù fún àwa náà, ó ní a ti rìn jìnnà. Tí a bá kọ̀, ó máa fura. A jẹ ẹ́. Ọbẹ̀ náà dùn, ó sì ń dùn mí pé mo rántí bẹ́ẹ̀.

Nínú ọkọ̀, ó gbé abọ́ náà lé itan, ó fi ìborùn rẹ̀ wé e kó má baà tutù. Èdè Oǹdó ló ń sọ, mi ò gbọ́ gbogbo rẹ̀, ṣùgbọ́n mo gbọ́ nígbà tó bi mí bóyá Akin ti fi nǹkan sẹ́nu. Mo ní ó jẹ búrẹ́dì àti ẹ̀wà láàárọ̀. Irọ́ kọ́. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi.

Ilé ọ̀gá wa la mú un lọ. Àwọn obìnrin iléeṣẹ́ wa dúró síta, kò sí gèlè lórí ẹnì kankan. Ó wò wọ́n, ó gbé abọ́ náà sílẹ̀ jẹ́jẹ́. Ó yíjú sí mi, ó bi mí pé ṣé mo ti mọ̀ nígbà tí mò ń jẹ iyán òun. Abọ́ náà ni mò ń wò. Àwọn obìnrin dì í mú, ariwo sì gba gbogbo ilé.

Wọ́n sin Akin sí Oǹdó lọ́jọ́ kejì. Wọn ò jẹ́ kí ìyá rẹ̀ mọ ojú oórì. Àwa tí à ń tẹ ìwé ìsìnkú fún gbogbo ìlú ò tẹ nǹkan kan fún un, torí a kì í ṣe é fún ọ̀dọ́. Ọmọ Ìjàrè kan ló wà nídìí ẹ̀rọ ìgéwèé báyìí, ó mọṣẹ́. Mi ò tíì sunkún. Wọ́n ní mo le.

Ìbéèrè tí ìyá Akin bi mí yẹn ló ń jẹ mí lọ́kàn. Bàbá Ṣadé ní kí n fi sílẹ̀, pé bí wọ́n ti ń ṣe é nìyẹn, pé àánú ni. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ ẹ̀yin ni, kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ o, mo mọ̀ pé ẹ ò ní gbàgbé ojú ẹni tó jókòó nílé yín, tó jẹun, tí kò wí nǹkan kan. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni ìwé ìròyìn yìí máa dé ṣọ́ọ̀ṣì ìyá Akin ní Oǹdó. Mi ò fẹ́ kí wọ́n kà á fún un kí n tó dé ibẹ̀. Sátidé yìí ni mò ń lọ, èmi nìkan. Mi ò ní ọ̀rọ̀ ìtùnú kankan. Mo fẹ́ dọ̀bálẹ̀ níwájú rẹ̀ ni, kí n sọ fún un pé bẹ́ẹ̀ ni, mo ti mọ̀. Tó bá lé mi jáde, màá jáde.

Ẹ bá mi gbàdúrà kí ẹnu mi má kọ̀. Ọlọ́run á dá yín sí fún wa, ẹ ò ní fojú sunkún ọmọ. Ẹ bá mi kí tilé-toko ní Ṣakí. Ara mi le, ọwọ́ ara mi ni mo fi kọ lẹ́tà yìí.

Èmi ni ọmọ yín,
Rótìmí