Òsúkè Tí Àlájà Zouléha Ní Ká Má Gbàgbé

Manigri, lábẹ́ kọmúùnù Bassila ní ilẹ̀ Benin, ni wọ́n ti bí Àlájà Zouléha lọ́dún 1966. Alassane, àgbẹ̀ oníṣu, ni bàbá wọn. Assana ni ìyá wọn. Wọ́n kàwé dé CM2, kíláàsì tó kẹ́yìn ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, kí oko tó gbà wọ́n. Lọ́dún 1986, wọ́n fẹ́ Alhaji Habibullah, oníṣòwò kajú. Àwọn ni wọ́n dá ẹgbẹ́ obìnrin oníkajú sílẹ̀ ní Manigri. Ẹnu wọn mú, wọ́n lawọ́, wọn kì í sì í fi ìrun márààrún ṣeré.

Nínú ààwẹ̀ ọdún 2015, òsúkè mú wọn, kò lọ bọ̀rọ̀. Èébì tẹ̀ lé e. Ará ilé ń dá àpárá pé Àlájà ti jí iyán jẹ lọ́sàn-án ààwẹ̀, àwọn náà ń rẹ́rìn-ín. Nígbà tó lọ tán, kò sẹ́ni tó rántí rẹ̀ mọ́.

Lásìkò kajú tó tẹ̀ lé e, ojú ọ̀tún wọn ṣú. Gbogbo ènìyàn ní èéfín kajú tí wọ́n ń yan ni, wọ́n sì ń fi omi fọ ojú. Kò pẹ́ tí ẹsẹ̀ wọn fi rọ. Dókítà kan pè é ní sclérose en plaques, àrùn tó ń mú kí ara dojú ìjà kọ iṣan ara rẹ̀. Wọ́n gba abẹ́rẹ́ rẹ̀, àmọ́ ṣe ni ojú òsì náà tún ń ṣókùnkùn. Ẹ̀rù bà wọ́n gidigidi. Wọn a pe Salma, àkọ́bí wọn, súnmọ́ tòsí, kí wọ́n lè wo ojú rẹ̀ dáadáa nígbà tó ṣì ṣeé wò.

Ní Cotonou, dókítà mìíràn béèrè ohun tó kọ́kọ́ ṣe wọ́n. Alhaji Habibullah ní, "Kò sí o, dókítà, àfi òsúkè ẹni tó jí iyán jẹ." Dókítà náà kò rẹ́rìn-ín. Ó ní àrùn kan wà tó jọ ti àkọ́kọ́ gan-an, neuromyélite optique, tí irú òsúkè àti èébì bẹ́ẹ̀ lè ṣáájú rẹ̀, àti pé oògùn ọ̀kan lè dá kún èkejì. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ fi hàn pé òun ni. Wọ́n pààrọ̀ oògùn. Ojú ọ̀tún kò padà, ṣùgbọ́n ojú òsì là, Àlájà sì tún fi ọ̀pá rìn.

Láti ìgbà náà, wọ́n ń sọ ọ̀rọ̀ òsúkè yìí káàkiri. Rahimatou, ìyàwó ilé kan ní Pénéssoulou, gbọ́ ọ. Nígbà tí òsúkè mú òun náà, tí ojú rẹ̀ sì ń ṣú, ó sọ gbogbo rẹ̀ fún dókítà lọ́jọ́ àkọ́kọ́.

Ibà ló mú Àlájà lọ lọ́dún 2025. Wọ́n fi ọkọ sáyé lọ, pẹ̀lú Salma, Faïssal, Al-Amin àti àwọn ọmọ-ọmọ. Ohun tí wọ́n tọrọ kẹ́yìn ni pé kí Rahimatou ka ìtàn yìí níbi àdúà ọjọ́ kẹjọ. Òun ló ń kà á sí yín létí báyìí, ojú rẹ̀ méjèèjì ló sì fi ń kà á.

Àlájà Zouléha, ẹ sùn re o. Kí Ọlọ́hun tan ìmọ́lẹ̀ sí sàréè yín.