Ìhágún Ghislaine Arsenault Lórí Ìrìn Tante Fougère

Èmi, Noémie Castonguay, tí mo jáde nílé-ẹ̀kọ́ eré ìtàgé lọ́dún tó kọjá, ni mo kọ ìwé yìí, èmi ni mo sì fọwọ́ sí i, lórúkọ Ghislaine Marie Arsenault, òṣèré, tí ń gbé ní ìlú Rimouski, nítorí pé ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n débi pé kò lè di kálámù mú mọ́. Ó ń sọ, mo ń kọ, níṣojú ẹlẹ́rìí méjì. Láti ìlà tó tẹ̀ lé èyí, níbikíbi tí "mo" tàbí "èmi" bá ti wà, òun ni. N kò fi ọ̀rọ̀ tèmi kún un, n kò sì yọ èyí tó ta mí létí kúrò.

Èmi, Ghislaine Marie Arsenault, ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin, ń kéde pé ọpọlọ mi pé. Ọwọ́ ni àìsàn mú, kò mú iyè. Ẹnikẹ́ni kò tì mí sí ohun tí mo fẹ́ sọ yìí. Mo fi ìwé yìí pa gbogbo ìhágún tí mo ti ṣe ṣáájú rẹ́, pàápàá èyí tí mo fi ìbínú ṣe, níbi tí mo ti ní kí wọ́n fi orí kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ onígi tí mo fi ń ṣeré dáná. Mo yan Normand Arsenault, ọmọ arákùnrin mi, ní alámòójútó. Kí ó tètè mọ̀ pé ìwé yìí kò dá lé ilé àti ẹrù. Ohun tí kò jẹ́ kí n sinmi ni ẹni tí yóò jogún ìrìn Tante Fougère, kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ arúgbó tí mo fi ọ̀pọ̀ ọdún jẹ́ níwájú àwọn ọmọdé.

ÈKÍNNÍ. Mo fi ilé mi àti ilẹ̀ tó yí i ká fún Normand. Kí ó má ṣe fi ẹ̀rọ kó yìnyín kúrò lójú ọ̀nà. Ṣọ́bìrì mi wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ariwo ẹ̀rọ náà ń lé àwọn kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ tòótọ́ tí ń kọjá lẹ́bàá odò, àwọn ni wọ́n sì kọ́ mi níṣẹ́.

ÈKEJÌ. Mo fi ológbò mi, Bouillon, fún Carole, ìyàwó Normand. Ó ti ń fún un ní awọ ẹja lẹ́yìn mi láti ìgbà pípẹ́, ológbò náà sì ti mọ ìró bàtà rẹ̀ ju ti èmi tí mo tọ́ ọ lọ. Mo rí i. Kí Carole má rò pé n kò rí i.

Ẹ̀KẸTA. Mo fi ẹ̀rọ ìránṣọ mi, àwọn ayùn, àwọn òòlù àti gbogbo ọ̀dà tó bá ṣì dára fún agbo òṣèré Seau Bleu. Èmi àti Mireille Vaillancourt ni a dá agbo náà sílẹ̀ nígbà tí a ṣì jẹ́ ọ̀dọ́. Èmi ni kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀, òun ni kannakánná. Réal, ọ̀rẹ́ wa, ló ń wa ọkọ̀ wa la yìnyín kọjá láti ilé-ìwé dé ilé-ìwé, òun náà ló sì fi igi gbẹ́ orí àwọn ẹranko tí a ń wọ̀ ṣeré. Òfin kan ṣoṣo ni a fi lélẹ̀: ẹni tó bá wọ orí ẹranko kò gbọdọ̀ bọ́ ọ níṣojú ọmọdé, ìbáà ṣe pé ilé ń jó.

Réal kọ́kọ́ dẹnu ìfẹ́ kọ mí, lẹ́yìn náà ó gbé Mireille níyàwó. Àwọn ará Rimouski gbà pé nítorí rẹ̀ ni èmi àti Mireille kò fi kí ara wa mọ́. Wọn kò mọ̀ mí. Mo jókòó níbi ìgbéyàwó wọn, mo jẹ páì ẹlẹ́ran tourtière méjì, mo sì jó. Ọkùnrin lè lọ. Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ ni n kò lè fi sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni.

Ẹ̀KẸRIN. Ìrìn mi tó wà nínú kọ̀ǹpútà ilé-iṣẹ́ àwòrán ní Montréal kì í ṣe tèmi láti há fún ẹnikẹ́ni. Mo ti fọwọ́ sí i pé tiwọn ni. Ṣùgbọ́n kí àwọn ajogún mi mọ bí ó ṣe jẹ́. Nígbà tí wọ́n fẹ́ sọ Tante Fougère di fíìmù, wọ́n wọ̀ mí ní aṣọ dúdú kan tó lẹ̀ mọ́ ara típẹ́típẹ́, wọ́n lẹ bọ́ọ̀lù wẹ́wẹ́ tó ń dán mọ́ ọn láti ọrùn dé ẹsẹ̀, kámẹ́rà yí mi ká. Bí mo ṣe ń rìn ni kọ̀ǹpútà ń gba ìrìn náà, tí ó ń fi í fún kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ inú àwòrán. Kí a tó bẹ̀rẹ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, mo ní láti na apá mi méjèèjì bí igi tí a ń sá aṣọ sí, kí ẹ̀rọ lè dá mi mọ̀. Ẹ̀rọ dá mi mọ̀. Ènìyàn ni kò dá mi mọ̀.

Wọ́n ní ohùn mi há, ó sì ti gbó jù. Mireille ni wọ́n mú fún ohùn. Orúkọ rẹ̀ wà lókè pátákó fíìmù náà. Tèmi wà níparí fíìmù, nísàlẹ̀ pátápátá, láàárín ẹni tó ń gbọ́únjẹ àti ẹni tó ń wa ọkọ̀, ní àkókò tí àwọn òǹwòran ti ń wọ kóòtù wọn. Wọ́n ní òjòwú kò lẹ́ran láyà. Òótọ́ ni; kí ẹ wò mí.

Èyí kò tó. Ní àìpẹ́ yìí, Normand ń gbá géèmù nínú pálọ̀ mi, mo rí olè kan tó ń yọ́ wọ ilé onílé lójú tẹlifíṣàn. Ìrìn mi ni. Wọ́n ti bọ́ awọ kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ lára rẹ̀, wọ́n fi ìrìn náà fún olè. Mo jowú olè náà títí ilẹ̀ fi ṣú, nítorí pé orúnkún rẹ̀ kò dùn ún.

Ẹ̀KARÙN-ÚN. Gbèsè tí ẹnikẹ́ni jẹ mí kò sí, àfi èyí tí mo fẹ́ sọ yìí, kì í sì í ṣe owó. Lẹ́yìn tí fíìmù jáde, a lọ ṣeré ní ilé-ìwé kan ní ìlú Matane. Mo wọ orí, mo jáde sáàárín yàrá eré ìdárayá. Ọmọbìnrin kan tí eyín iwájú rẹ̀ ti yọ nawọ́ sí mi, ó ní: "Ayédèrú ni! Tante Fougère kọ́ nìyí, ohùn ẹ̀ ò rí báyìí!" Ẹnìkejì ní: "Ìyá àgbà kan ló wà nínú ẹ̀ jàre, mo rí bàtà ẹ̀!" Gbogbo yàrá bú sẹ́rìn-ín.

Mireille wà lẹ́yìn aṣọ ìkélé, ó ti wọ ìyẹ́ kannakánná rẹ̀ tán. Ó bá gbé ohùn inú fíìmù sókè: "Ta ló ń pariwo nínú igbó mi? Àb'ẹ̀yin òròmọdìẹ wọ̀nyí ò mọ̀ pé n ò tíì jẹun àárọ̀?" Ayọ̀ gba yàrá kan. Àwọn ọmọ dìde, wọ́n sáré lọ sẹ́yìn aṣọ. Èmi nìkan ni mo kù láàárín ilé, nínú orí. N kò lè bọ́ ọ. Òfin wa ni. Mo sunkún sínú rẹ̀ títí gọ́ọ̀mù tí Réal fi lẹ imú rẹ̀ fi rọ̀.

Nínú ọkọ̀, Mireille ní: "Ghislaine, mo kàn fẹ́ ràn ẹ́ lọ́wọ́ ni o."

Mo ní: "O já ọmọ gbà lẹ́yìn mi, o wá ní o ń bá mi pọ̀n ọ́n."

Ó ní: "Ṣé èmi ni mo ní kí wọ́n má fẹ́ràn ẹ ni?"

Mo sọ̀ kalẹ̀ ní Rimouski. Láti ìgbà náà, a kò bá ara wa sọ̀rọ̀ mọ́, àní níbi ìsìnkú Réal pàápàá.

Ẹ̀KẸFÀ. Noémie, ọmọ tí ń kọ ìwé yìí, ni wọ́n wọ̀ ní aṣọ dúdú oníbọ́ọ̀lù wẹ́wẹ́ yẹn fún fíìmù kejì tí kò tíì jáde. Mo jowú òun náà, kí ó kọ ọ́ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ó wá sí ilé mi nígbà Kérésìmesì pẹ̀lú páì oníṣúgà tí a ń pè ní tarte au sucre, ó ní: "Ẹ má bínú sí mi, Màdáàmù, ibi tí ẹ fẹsẹ̀ sí ni wọ́n ní kí n máa fẹsẹ̀ sí." Mo fẹ́ lé e. Ṣùgbọ́n ó sọ ohun kan tó mú mi jókòó.

Nínú ìrìn Tante Fougère, ibì kan wà. Bí ó bá fẹ́ yà, á gbé gìgísẹ̀ òsì sókè, á dúró, á tẹ́tí sí eku tó wà lábẹ́ yìnyín, kí ó tó lọ. Àwọn ọ̀dọ́ tí ń tún ìrìn ṣe nínú kọ̀ǹpútà fún fíìmù kejì náà rí ìdúró yìí, wọ́n rò pé bọ́ọ̀lù kan ló yẹ̀ ní gìgísẹ̀. Wọ́n nù ún kúrò. Ìrìn náà wá ń ṣàn bí omi, gbogbo wọn sì pàtẹ́wọ́. Mireille wá láti fi ohùn sí i. Wọ́n gbé àwòrán sí iwájú rẹ̀, ó sọ̀rọ̀ díẹ̀, ó dákẹ́.

Ó ní: "Ta ló jí ìdúró Ghislaine?"

Ọ̀gá wọn ní: "Ìdúró wo, Màdáàmù? Àṣìṣe ẹ̀rọ la tún ṣe."

Ó ní: "Àṣìṣe bàbá ta ni? Ibẹ̀ ni mo ti ń mí! Ibi tí ẹsẹ̀ ẹ̀ bá dúró sí ni èémí mi máa ń bà lé. Ní báyìí mo ń wá ibi tí n ó bà lé, n ò rí. Ẹ dá a padà, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ mò ń lọ sílé lọ dín crêpe mi jẹ."

Noémie ní Mireille ti wọ kóòtù tán, ó ti mú fìlà. Wọ́n dá a padà.

Ẹ má rò pé inú mi dùn nígbà tí mo gbọ́. Owú tún gbé mi: oore pàápàá, òun ló kọ́kọ́ ṣe é. Ṣùgbọ́n bí mo ti dùbúlẹ̀, mo rò ó wò. Ohùn tí àwọn ọmọ sá tẹ̀ lé ní Matane, orí ẹsẹ̀ mi ló dúró sí.

Nítorí náà, mo fi orí kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ náà, ìrù rẹ̀ àti ìbọ̀wọ́ rẹ̀ méjèèjì fún Mireille Vaillancourt. N kò fi í fún Noémie, bí ẹsẹ̀ rẹ̀ tilẹ̀ dára, nítorí ó ti fọwọ́ sí i pé ohunkóhun tí ara rẹ̀ bá ṣe nínú aṣọ bọ́ọ̀lù, ti ilé-iṣẹ́ ni. Bí mo bá kọ́ ọ ní ìrìn mi, àwọn ni mo kọ́. Mireille kò wọ aṣọ náà rí. Ohùn nìkan ni wọ́n rà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣì jẹ́ tirẹ̀. Ó lè kọ́ àwọn ọmọ Seau Bleu, kí wọ́n sì máa rìn ín níwájú ọmọdé, lójúkojú.

Ṣùgbọ́n orí láìsí ìrìn, igi gbígbẹ́ lásán ni. Kò gbọdọ̀ wọ̀ ọ́ títí yóò fi wá kọ́ ìrìn náà lọ́wọ́ mi, nínú ilé ìdáná mi, nígbà tí mo ṣì lè fi ojú tọ́ ọ sọ́nà. Bí ó bá ń kọ́ ọ, kí ó pa ẹnu rẹ̀ mọ́. Ẹ̀ẹ̀kan yìí, kí ẹsẹ̀ sọ̀rọ̀.

ÈKEJE. Noémie bẹ̀ mí pé kí n béèrè àwọn ohun wọ̀nyí lórúkọ gbogbo òṣèré tí ń wọ aṣọ bọ́ọ̀lù tí a kì í mọ orúkọ wọn. Mo gbà. Kí Normand fi ẹ̀dà ìwé yìí ránṣẹ́ lónìí, kí n tó kú, sí ilé-iṣẹ́ náà àti sí Mireille.

Lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ náà, mo béèrè pé kí orúkọ ẹni tó rìn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ ẹni tó sọ̀rọ̀, kí lẹ́tà wọn sì tóbi bákan náà. Kí wọ́n má fi ìrìn òṣèré kankan wọ ẹlòmíràn láìbéèrè. Kí ẹnikẹ́ni má sì tún nu ìdúró náà kúrò láéláé.

Lọ́wọ́ Mireille, mo béèrè pé kí ó wá.

Kí gbogbo wọn dáhùn kí ìsinmi àwọn ọmọ ilé-ìwé tó bẹ̀rẹ̀, ìyẹn ni pé, ó pẹ́ tán, ní ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹrinlélógún oṣù Kejì. Kí ilé-iṣẹ́ fi èsì tirẹ̀ fún Normand. Bí Mireille kò bá wá, kí wọ́n sin orí náà pẹ̀lú mi. Ṣùgbọ́n bí a bá ń jà, bí i ká kú kọ́. N kò ti ilẹ̀kùn ẹ̀yìn. Kí ó má wulẹ̀ kan ilẹ̀kùn, kí ó má kí mi. Kí ó kàn rìn wọlé. Gìgísẹ̀ òsì rẹ̀ ni n ó máa wò.

Noémie Castonguay fọwọ́ sí i lórúkọ Ghislaine Marie Arsenault, níṣojú rẹ̀ àti pẹ̀lú àṣẹ rẹ̀, lẹ́yìn tí a ti kà á sí i létí láti òkè dé ilẹ̀, tí ó sì ní bẹ́ẹ̀ gan-an ni.

Ní Rimouski, ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù Kínní, ọdún 2023.

Àwọn ẹlẹ́rìí:
Lucille Pineault, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì
Gérard D'Amours, aládùúgbò