Bí A Ṣe Gbé Ejò Kúrò Létí Adágún

Ọmọ mi àtàtà,

Mo kí ọ o. Mo kí ọkọ rẹ, mo kí àwọn ọmọ. Ara yín á le koko, àìsàn kò ní mọ ojú ọ̀nà ilé yín. Bí ẹ bá ń béèrè mi, mo wà. Orúnkún ọ̀tún ń dùn mí, tòsì kò dùn mí, mo sì ń jẹun. Ìyẹn ti tó nípa àlàáfíà.

Tíṣà obìnrin tó háyà yàrá kejì sí tèmi ló ń bá mi kọ lẹ́tà yìí. Mo ti kìlọ̀ fún un pé ohun tí mo bá sọ ni kó kọ, kó má fi ṣúgà sí i. Ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ gùn ju ti orí fóònù lọ, n kò sì fẹ́ kó jẹ́ ẹnu ẹlòmíì lo ti máa gbọ́ pé bàbá rẹ ti padà sí ọgbà ìgbafẹ́.

O mọ̀ pé láti ìgbà tí a ti sin ìyá rẹ, ó di ọdún mẹ́rin, n kò tẹ ibẹ̀ mọ́. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi ń di bóòtù Ejò, tí mo ń fi gírísì pa á lára, tí ìyá rẹ sì ń ta tíkẹ́ẹ̀tì nídìí rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ tí ó kú ni mo kó sípánà mi sápò, mo tì í sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, mo ní ó parí. Ọkọ rẹ kò rí Ejò rí, nítorí náà ṣàlàyé fún un: ọkọ̀ kékeré mẹ́fà ni, wọ́n so wọ́n mọ́ra wọn, wọ́n ń sáré lórí irin tó wọ́ kọ́lọkọ̀lọ, wọ́n ń gun òkè, wọ́n ń já wálẹ̀ wòó. Ibẹ̀ ni àwọn èèyàn ti ń fi owó ara wọn ra ẹ̀rù.

Omi adágún ló bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ilẹ̀ tí Ejò fẹsẹ̀ lé. Aṣàyẹ̀wò kan wá láti ọ́fíìsì ìjọba, ó wò ó, ó mi orí. Ó ní kí wọ́n gbé e lọ sórí pápá tó wà lẹ́yìn géètì kejì, kó sì ti dúró, kó ti sáré lójú òun, kí ìsinmi àwọn ọmọ iléèwé tó bẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ Ẹtì tó gbẹ̀yìn oṣù ló dá fún wọn. Ẹni tó ni ọgbà wá sọ pé bí ọjọ́ yẹn bá pé tí Ejò kò dúró, àwọn tó ń ra irin àlòkù lòun máa pè kí wọ́n wá gé e wẹ́lẹwẹ̀lẹ.

Ẹnjiníà ọ̀dọ́ kan ni wọ́n gbé iṣẹ́ náà fún. Ọmọ dáadáa ni, ó kàwé, ó sì mọ èèyàn kí. Ó tú irin tí ọkọ̀ ń gbà kọjá sí ọ̀nà méjìlélógójì, ó tò wọ́n sórí koríko, ó fi ṣọ́ọ̀kì kọ nọ́ńbà sí wọn lára. Ṣọ́ọ̀kì, ọmọ mi! Òjò rọ̀ fún ọjọ́ méjì. Nígbà tí ó fi máa dá, irin méjìlélógójì ti mọ́ tónítóní bí àwo tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀. Wọ́n wá ìwé àwòrán jáde, ìwé àti irin kò bára mu. Báwo ni wọ́n ṣe máa bára mu? Láàárín ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n, èmi àti jórin-jórin ti gé, a ti lẹ̀, a ti tẹ̀, a ti nà, a kò sì sọ fún ìwé kankan.

Ọjọ́ Ajé ni máníjà ọgbà wá bá mi nílé. Ó bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà, mo ti mọ̀ pé nǹkan ti bàjẹ́. Ó ní, "Bàbá, ẹ dákun, ẹ̀yin nìkan lẹ mọ inú Ejò." Mo ní, "Lọ bá ìwé rẹ sọ̀rọ̀." Ó ní, "Bàbá, ìwé ò sọ̀rọ̀ mọ́." Mo ní, "Èmi náà ò sọ̀rọ̀ mọ́." Ó dìde, ó wọ bàtà. Ó wá yíjú padà, ó ní, "Ó dáa, sà. Ọjọ́ Ẹtì yìí làwọn onírin àlòkù ń bọ̀. Mi ò kàn fẹ́ kẹ́ ẹ gbọ́ ọ lójú pópó ni."

Ó lọ. Mo jókòó. Mo mu omi, mo tún jókòó. N kò ní purọ́ fún ọ, inú ló ń bí mi. Wọ́n fẹ́ gé ohun tí mo tọ́jú ju bí mo ṣe tọ́jú ọmọ tí mo bí lọ. Tíṣà ní kí n yọ ìyẹn kúrò. Mo ní kó kọ ọ́, o mọ̀ pé òótọ́ ni. Mo kúnlẹ̀ pẹ̀lú orúnkún tó ń dùn mí, mo fa àpò sípánà jáde, mo gba ọ̀nà ọgbà lọ.

O mọ̀ pé n kò mọ̀wé. Nọ́ńbà kò bá mi ṣọ̀rẹ́ rí. Báwo lo rò pé mo ṣe ń dá irin kan mọ̀ yàtọ̀ sí èkejì? Mo sọ wọ́n lórúkọ ni. Ẹbí wa ló pọ̀ jù nínú wọn. Mo wọ àárín koríko, mo ń fi sípánà kan wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, mo ń gbọ́ ohùn wọn. Mo ní, "Èyí ni Àbúrò Bàbá mi. Kì í tẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Ibi tó tẹ́jú ló ń gbé." Mo ní, "Èyí ni Ìyá Ìyàwó mi. Apá òsì ló máa yà sí, ohun yòówù kẹ́ ẹ wí. Ẹ rọra gbé e." Mo ní, "Èyí ni Lánlọ́ọ̀dù. Gígòkè ṣáá ló mọ̀, kì í sọ̀ kalẹ̀." Mo ní, "Èyí ni Ẹ̀gbọ́n mi Obìnrin. Bí ẹ kò bá fi gírísì sí i lẹ́nu, gbogbo àdúgbò ló máa gbọ́."

Ẹ̀rín fẹ́ pa wọ́n. Awakọ̀ kérénì, tí wọ́n ń pè ní Àgùnfọn, sọ̀ kalẹ̀ láti orí ọkọ̀ rẹ̀ kó lè gbọ́ dáadáa. Ó ní, "Bàbá, irú ẹbí wo lẹ ní yìí? Kò sẹ́ni tó tọ́ nínú wọn!" Mo ní, "Lọ kó tìẹ wá ká wò ó." Ẹnjiníà ti gbọ́n lọ́tẹ̀ yìí, ọ̀dà funfun ló fi ń kọ orúkọ wọn. Wọ́n kò sì jẹ́ kí n kọjá lára irin kankan láìjẹ́ pé mo sọ orúkọ àti ìdí tó fi ń jẹ́ ẹ. Bí ẹni ń to mọ̀lẹ́bí fún fọ́tò ni a ṣe to Ejò: ìwọ bọ́ síbí, ìwọ má ti ẹ̀gbọ́n rẹ, ta ló fi àna sẹ́yìn? Ọjọ́ Rú, lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́, irin mọ́kàndínlógójì ti wà nípò.

Ó ku mẹ́ta. Gígùn wọn dọ́gba, bí wọ́n ṣe tẹ̀ náà jọra. Méjì jẹ́ Ìbejì, mo pè wọ́n bẹ́ẹ̀. Ẹnjiníà di búrọ́ọ̀ṣì mú, ó ní, "Ẹ̀kẹta yìí ńkọ́, Bàbá? Kí lorúkọ ẹ̀?" Mo mọ̀ ọ́n. Mo mọ̀ ọ́n ju gbogbo ìyókù lọ. Ọmọ mi, láti ọjọ́ ìsìnkú n kò pe orúkọ ìyá rẹ rí, kì í ṣe lójú èèyàn, kì í ṣe nínú yàrá mi. Bí ìwọ bá pè é, mo máa ń dìde. O rí i pé n kò sunkún lọ́jọ́ náà, àwọn èèyàn ní ọkàn mi ti di òkúta. Wọn kò purọ́. Mo ní, "Kò lórúkọ. Ọ̀kan náà ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ẹ fi wọ́n síbi tó bá wù yín." Mo gba ilé lọ.

Irọ́ ni mo pa, irọ́ náà sì jẹ wá níyà. Gbogbo òwúrọ̀ Ọjọ́bọ̀ ni Àgùnfọn fi ń gbé irin sókè tó ń gbé e wálẹ̀. Wọ́n yí wọn padà síhìn-ín, wọ́n yí wọn padà sọ́hùn-ún. Ihò kò bá ihò mu, ìwọ̀n ìka kan ló máa ń ṣẹ́ kù. Nígbà tó di ọ̀sán, Àgùnfọn kò dápàárá mọ́. Máníjà ń rìn lọ rìn bọ̀ bí ẹni tí aya rẹ̀ ń rọbí. Èmi jókòó lórí táyà kan.

Obìnrin tí òun àti ìyá rẹ jọ ń ta tíkẹ́ẹ̀tì ló wá bá mi. Onísùúrù ni wọ́n ń pè é, nítorí pé kò ní in. Ó dúró níwájú mi, ó ní, "Bàbá, ẹ mọ irin yẹn. Mo ti ń wo ojú yín láti àná." Mo ní kó lọ sídìí iṣẹ́ rẹ̀. Ó ní, "Iṣẹ́ wo? Bí wọ́n bá gé Ejò lọ́la, tíkẹ́ẹ̀tì kí ni mo fẹ́ máa tà? Ṣé ẹ̀yin nìkan lẹ pàdánù ẹ̀ ni? Ọdún mọ́kàndínlógún lèmi àti ẹ̀ fi jókòó sórí bẹ́ǹṣì kan. Mo máa ń pè é lójoojúmọ́, mi ò sì tíì kú. Ẹ pè é, kẹ́ ẹ jẹ́ ká ríṣẹ́ ṣe!" Àgùnfọn pa ẹ́ńjìnnì.

Mo ní, "Ìyàwó mi ni." Mo tún un sọ. "Ìyàwó mi ni. Òkè téńté ló ń gbé, níbi tí ọkọ̀ ti máa ń dúró díẹ̀ kó tó já." Ẹnjiníà rọra béèrè pé, "Kí ló dé tẹ́ ẹ fi fi wọ́n síbẹ̀, sà?" Mo ní, "Nítorí pé kì í bínú wàràwàrà. Bí o bá ṣẹ̀ ẹ́, á kọ́kọ́ dúró. Á wò ọ́. O ó rò pé kò sí nǹkan. Ìgbà yẹn ni ilẹ̀ máa yẹ̀ mọ́ ọ lẹ́sẹ̀." Onísùúrù pàtẹ́wọ́, ó ní, "Òun gan-an nìyẹn! Òun gan-an!" Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, ọmọ mi, mo rẹ́rìn-ín títí mo fi di irin mú. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ìyá rẹ ti wà lókè, bóòtù rẹ̀ wọlé wẹ́rẹ́, a kò lo òòlù.

Ní ọjọ́ Ẹtì, tírélà àwọn onírin àlòkù ti wà lẹ́nu géètì kí a tó dé. Aṣàyẹ̀wò wá pẹ̀lú fáìlì lábẹ́ abíyá. Ejò sáré lẹ́ẹ̀mẹta pẹ̀lú àpò yanrìn lórí ìjókòó, kò mira, kò kùn. Ọkùnrin náà kò tíì fẹ́ fọwọ́ sí i. Ó ní, "Ìwé yín ò bá irin yín mu. Ta ló máa dúró fún un?" Máníjà wo ẹnjiníà, ẹnjiníà wo ilẹ̀. Mo ní èmi ni. Ó ní kí n tẹ̀ka. Mo ní, "Kí ni àtẹ̀ka máa ṣe bí ọkọ̀ bá já? Èmi fúnra mi ni mo máa gùn ún." Mo lọ jókòó sínú ọkọ̀ iwájú.

Jẹ́ kí n jẹ́wọ́ fún ọ. Ní gbogbo ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n yẹn, n kò gun Ejò rí. Ẹni tó mọ iye bóòtù tó di nǹkan mú, kì í sáré gun orí rẹ̀. Onísùúrù fa irin ìdábùú lé mi nítan, ó ní, "Ẹ dì í mú o, Bàbá. Aṣọ tẹ́ ẹ wọ̀ yìí, ẹ jẹ́ kó gbẹ délé."

Lánlọ́ọ̀dù gbé mi gòkè, kọ̀-kọ̀-kọ̀-kọ̀. Mo rí òrùlé ilé wa. Mo rí etí adágún níbi tí Ejò wà tẹ́lẹ̀, omi ti kún inú ihò ẹsẹ̀ rẹ̀. Ọkọ̀ dé ọ̀dọ̀ ìyá rẹ, ó dúró. Nígbà tí ilẹ̀ yẹ̀, mo ké. Mo pe ìyá rẹ, mo fi orúkọ tí èmi nìkan máa ń pè é pè é. Mo pè é títí ọkọ̀ fi balẹ̀, mo tún pè é níbi tó ti yà, omi ń dà lójú mi, atẹ́gùn ń nù ún. Àwọn tó wà nísàlẹ̀ ń hó, wọ́n ń pàtẹ́wọ́, wọ́n rò pé ẹ̀rù ló ń bà mí. Níbo ló tún kù láyé tí àgbàlagbà ti lè ké tó bẹ́ẹ̀, tí ẹnikẹ́ni kò ní bi í pé kí ló ṣe é? Irin tó kẹ́yìn, tó ń mú ọkọ̀ wọlé jẹ́jẹ́, orúkọ tìrẹ ni mo fi pè é. O ti dógùn-ún díẹ̀, má bínú.

Aṣàyẹ̀wò sáré wá, ó ní, "Bàbá, ṣé ó dáa?" Mo ní kí wọ́n tún un yí. Mo ní n kò tíì sọ̀rọ̀ mi tán.

Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo gùn ún. Ẹ̀ẹ̀kẹrin, ẹ̀rín ni mo ń rín, wọ́n sì ní ojú ọ̀run ni mo wà nígbà tí ọkùnrin náà fọwọ́ sí ìwé. Awakọ̀ tírélà ra tíkẹ́ẹ̀tì kan, ó gun Ejò, èébì gbé e, ó gbé tírélà òfìfo lọ. Ìsinmi ti bẹ̀rẹ̀ báyìí. Kó àwọn ọmọ wá. Wọn kò mọ ìyá ìyá wọn dáadáa, ẹ̀bi mi sì ni, nítorí n kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ rẹ̀. Mo fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀ fún wọn láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ohun tí ẹ bá dì kò ní tú. Ohun tí ẹ bá gbé nà ró kò ní wó. Ilẹ̀ kò ní yẹ̀ mọ́ yín lẹ́sẹ̀, àfi èyí tí ẹ bá fi tíkẹ́ẹ̀tì rà.

Èmi ni bàbá rẹ tó fẹ́ràn rẹ, tí kò sì mọ̀ ọ́n sọ.

Àfikún: Bóòtù kan ṣẹ́ kù nílẹ̀ lẹ́yìn tí a tò ó tán. Má pariwo. Èmi àti ẹnjiníà yẹ Ejò wò láti orí dé ìrù, kò sí ibi tó ṣófo. Ọ̀sán ọjọ́ kejì ni máníjà jókòó sórí àga rẹ̀ ní ọ́fíìsì, ó bá ara rẹ̀ nílẹ̀, la bá mọ ibi tí bóòtù náà ti wá.